Láti Dakar sí Canary: Báwo ni ìgbòkun iwájú ṣe ń gbé ọkọ̀ dojú kọ atẹ́gùn?

Láti Dakar, olú ìlú Senegal, sí Las Palmas ní erékùṣù Canary tó nǹkan bí 1,500 kìlómítà. Wákàtí díẹ̀ ni bàálù fi ń fò ó. Ọkọ̀ onígbòkun lè lo ọ̀sẹ̀ méjì, kì í sì í ṣe nítorí pé ọ̀nà náà jìn jù. Ibi tí ọkọ̀ náà ń lọ gan-an ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀.

Àtibọ̀ láti àríwá wá sí Senegal rọrùn. Atẹ́gùn á máa ti ọkọ̀ láti ẹ̀yìn, ìṣàn omi òkun náà á sì máa gbé e bọ̀. Àtipadà ni wàhálà.

Ohun tó máa ń ya ọkọ̀ tó tètè padà dé sọ́tọ̀ sí èyí tó kàn ń rìn gbéregbère lójú agbami kì í sábà jẹ́ títóbi ọkọ̀ tàbí iye tí wọ́n rà á. Bí wọ́n ṣe to ìgbòkun iwájú ni. Èyí ni aṣọ onígun mẹ́ta tó wà níwájú òpó ọkọ̀, tí àwọn atukọ̀ ń pè ní jib, tàbí genoa tó bá fẹ̀ débi pé ó kọjá òpó sẹ́yìn.

Atẹ́gùn wo ló wà lójú ọ̀nà yìí?

Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ ti mọ ẹbí atẹ́gùn yìí. Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Karùn-ún, atẹ́gùn láti àríwá àti àríwá-ìlà-oòrùn ló máa ń gba ojú òkun kan, láti ẹ̀gbẹ́ Morocco, gba Western Sahara àti Mauritania, wá dé Senegal. Nígbà míì, ó máa ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sahara lọ́wọ́. Ojú òkun á ṣú bíi pé kùrukùru bò ó, okùn àti ìgbòkun funfun á sì di pupa rúsúrúsú.

Nínú òkun náà, ìṣàn omi tútù kan wà tí wọ́n ń pè ní ìṣàn omi Canary. Àríwá lòun náà ti ń ṣàn bọ̀ sí gúúsù. Tí ọkọ̀ kan bá pa ẹ́ńjìnnì tó sì dúró láì ṣe nǹkan kan, atẹ́gùn àti omi yóò jọ gbé e lọ sí gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn, sí ọ̀nà erékùṣù Cape Verde, tàbí sí agbami gbalasa tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni èyí fún àwọn míì. Ní oṣù Keje ọdún 2023, ọkọ̀ onípákó kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní pirogue, gbéra láti Fass Boye ní Senegal pẹ̀lú ènìyàn 101. Canary ni wọ́n ń lọ, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n sì fi ń wà á. Wọn kò dé ibẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ apẹja kan láti Spain fi máa rí wọn ní oṣù Kẹjọ, agbami tó wà lápá erékùṣù Sal ní Cape Verde ni wọ́n wà. Epo ti tán, oúnjẹ àti omi ti tán. Ènìyàn 38 péré ló yè.

Báwo ni ọkọ̀ ṣe lè lọ síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ńṣe ni atẹ́gùn máa ń ti ìgbòkun láti ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni, tí ọkọ̀ àti atẹ́gùn bá jọ ń lọ síbì kan náà. Àmọ́ tí ọkọ̀ bá dojú kọ atẹ́gùn, ìgbòkun kì í ṣiṣẹ́ bí aṣọ tí wọ́n ta láti fi gba atẹ́gùn mọ́. Ìyẹ́ bàálù tí wọ́n gbé nàró ló jọ.

Atẹ́gùn á pín sí méjì ní etí iwájú ìgbòkun. Ọ̀kan á gba inú, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Ìkejì á gba ìta, níbi tí aṣọ náà ti yọ bí ikùn. Èyí tó gba ìta máa ń yára ju èyí tó gba inú lọ, ìtẹ̀mọ́ rẹ̀ lára aṣọ á sì dínkù, nítorí náà ìgbòkun á máa fà sí ìta, á sì máa fa ọkọ̀ dání.

Púpọ̀ nínú agbára yìí ló ń ti ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Díẹ̀ ló ń tì í síwájú. Ohun tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ kàn máa sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kíìlì, ìyẹ́ wúwo tó wà lábẹ́ ọkọ̀ nínú omi.

Ẹni tó bá ti fi àtàǹpàkò àti ìka tẹ kóró àgbálùmọ̀ tútù rí mọ bó ṣe máa ń ta síwájú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Atẹ́gùn ni ìka kan, omi tó ń ti kíìlì padà ni ìka kejì, ọkọ̀ sì ni kóró tó wà láàárín wọn. Pirogue kò ní irú kíìlì bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá tiẹ̀ ta ìgbòkun sí i nígbà tí epo tán, ẹ̀gbẹ́ ni yóò máa sún lọ.

Síbẹ̀, kò sí ọkọ̀ onígbòkun tó lè lọ tààrà sínú atẹ́gùn. Ọkọ̀ ìrìnàjò tó dáa lè rìn ní nǹkan bí ìwọ̀n dígírì 45 sí ojú ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Á rìn sí apá òsì fún ìgbà kan, á yí orí padà, á tún rìn sí apá ọ̀tún, bí ọ̀nà mọ́tò tó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ gun òkè.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Ká ní iwájú gan-an ni atẹ́gùn wà ní gbogbo 1,500 kìlómítà náà, ọkọ̀ tó ń rìn ní dígírì 45 yóò rin nǹkan bí 2,120 kìlómítà kó tó dé. Èyí tó ń rìn ní dígírì 55 yóò rìn ju 2,600 lọ. Fún ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà mẹ́sàn-án ní wákàtí kan, ìyàtọ̀ náà lé ní ọjọ́ méjì, láìtíì ka bí ìṣàn omi yóò ṣe máa fà á sẹ́yìn ní gbogbo wákàtí tó fi wà lójú ọ̀nà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbòkun iwájú?

Òun ló kọ́kọ́ ń pàdé atẹ́gùn. Ìgbòkun ńlá wà lẹ́yìn òpó, òpó náà sì ti da atẹ́gùn rú kó tó dé ara rẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan péré ló wà ní etí iwájú ìgbòkun iwájú.

Bákan náà, òun ló ń darí atẹ́gùn tí ìgbòkun ńlá máa gbà. Àlàfo kan wà láàárín àwọn méjèèjì. Tí wọ́n bá fa ìgbòkun iwájú le jù, àlàfo náà á dí, atẹ́gùn á sì máa lu ìgbòkun ńlá láti ẹ̀yìn. Etí rẹ̀ tó wà lẹ́bàá òpó á wú sínú bí ìgbà tí ẹnì kan ń ti aṣọ kọ́ńtẹ́ẹ̀nì láti ìta fèrèsé. Ọ̀pọ̀ ló máa ń lọ tún ìgbòkun ńlá ṣe nígbà tí wọ́n bá rí èyí, nígbà tó jẹ́ pé ìgbòkun iwájú ló ṣẹ̀.

Òwú tó ń fi ohun tójú kò rí hàn

Atẹ́gùn kò ṣeé fojú rí, nítorí náà àwọn atukọ̀ máa ń lẹ òwú mọ́ ara ìgbòkun iwájú, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta, ní nǹkan bí 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà sí etí iwájú. Ó dáa kó wà níbi mẹ́ta: ìsàlẹ̀, àárín àti òkè. Òwú tí wọ́n fi ń hun súwẹ́tà tó. Kò sí ohun tó wọ́n nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó wúlò fún iṣẹ́ yìí ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó gọbọi tó wà lórí ọkọ̀ lọ.

Tí òwú inú àti ti ìta bá jọ ń fẹ́ sẹ́yìn gbọọrọ, atẹ́gùn ń gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bó ṣe yẹ.

Tí òwú inú bá ń jó, tó ń fò sókè, orí ọkọ̀ ti sún mọ́ atẹ́gùn jù, tàbí kí ìgbòkun ti dẹ̀ jù. Kí ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú yí orí ọkọ̀ kúrò lójú atẹ́gùn díẹ̀, tàbí kí wọ́n fa okùn tí wọ́n so mọ́ igun ẹ̀yìn ìgbòkun náà, ìyẹn okùn ìdarí.

Tó bá jẹ́ òwú ìta ló ń jó, tàbí tó rọ̀ wọlẹ̀, ìdàkejì rẹ̀ ni. Okùn ti le jù, tàbí ọkọ̀ ti yà kúrò lójú atẹ́gùn jù. Kí wọ́n dẹ okùn, tàbí kí wọ́n yí orí ọkọ̀ padà sọ́dọ̀ atẹ́gùn.

Èyí tó ṣẹ̀ níta ló burú jù. Tí nǹkan ò bá dáa nínú, etí ìgbòkun á máa gbọ̀n, gbogbo ọkọ̀ á gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ ìta, ìgbòkun á dákẹ́, á kún, ọkọ̀ á fẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀, omi á máa ta sókè níwájú. Ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ á rò pé eré ló ń sá. Bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn ti já kúrò lára aṣọ níta, ohun tó ṣẹ́kù kàn ń ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn náà ni àwòrán ọ̀nà yóò tó tú àṣírí rẹ̀.

Ibi tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ti ń ṣe àṣìṣe nìyẹn. Wọ́n gbà pé bí okùn bá ṣe le tó ni ọkọ̀ yóò ṣe sún mọ́ atẹ́gùn tó. Wọ́n á wé okùn mọ́ wíńṣì, wọ́n á fà á títí yóò fi le bí irin. Dídẹ okùn ló máa ń mú kí ọkọ̀ kọ́kọ́ ní eré. Tí eré bá wà, omi tó ń gba ẹ̀gbẹ́ kíìlì kọjá á pọ̀, kíìlì á di omi mú dáadáa, ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lè fà á díẹ̀-díẹ̀ kí orí ọkọ̀ sì máa gòkè sọ́dọ̀ atẹ́gùn.

Ọ̀nà tó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n dẹ okùn títí etí iwájú yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí wọ́n wá fà á títí tó máa dẹ́kun gbígbọ̀n. Kí wọ́n dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ojú òwú ni ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú yóò máa wò, nítorí atẹ́gùn kì í dúró sójú kan.

Ibi tí okùn ń gbà kọjá

Okùn ìdarí máa ń gba inú púlì kan kó tó dé wíńṣì. Púlì náà wà lórí irin gígùn kan ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, wọ́n sì lè sún un síwájú tàbí sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló wà tí púlì wọn kò tíì kúrò lójú kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á.

Tí wọ́n bá sún púlì síwájú, okùn á máa fa igun ìgbòkun wálẹ̀, etí ẹ̀yìn á le, òkè ìgbòkun á sì pa dé. Tí wọ́n bá sún un sẹ́yìn, okùn á máa fa ìsàlẹ̀ ìgbòkun sẹ́yìn, ìsàlẹ̀ á tẹ́, òkè á sì ṣí sílẹ̀.

Òwú náà ló máa sọ ibi tó yẹ kó wà. Kí wọ́n rọra máa yí orí ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ atẹ́gùn, kí wọ́n sì wo òwú inú tó kọ́kọ́ jó. Tó bá jẹ́ ti òkè, òkè ti ṣí jù, kí wọ́n sún púlì síwájú. Tó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀, kí wọ́n sún un sẹ́yìn. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jó lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti bọ́ sí i. Kí wọ́n fi àmì síbẹ̀.

Nígbà tí atẹ́gùn bá wá le, àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ sún púlì náà sẹ́yìn díẹ̀ sí i, kí òkè ìgbòkun lè ju atẹ́gùn tó pọ̀ jù dànù. Òkè ló ń dá ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jù.

Okùn míì ni èyí tó ń fa ìgbòkun sókè sórí òpó. Tí atẹ́gùn bá ń le sí i, aṣọ á nà, ikùn ìgbòkun á sì sún sẹ́yìn. Fífa okùn yìí ló ń dá ikùn náà padà síwájú. Tí aṣọ bá ká wọnjọ láti etí iwájú lọ sẹ́yìn, okùn náà ti dẹ̀ jù. Tó bá jẹ́ ìlà gígùn kan ló dúró lóòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí náà, ó ti le jù.

Ìgbì tó wà ní Mauritania

Gbogbo èyí rọrùn lórí omi tó tẹ́ pẹrẹsẹ, bí èyí tó wà ní Baie de Hann ní Dakar, níbi tí ẹgbẹ́ Cercle de Voile de Dakar wà. Lẹ́yìn Saint-Louis, tí ọkọ̀ bá ti ń gòkè lọ sí Mauritania, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ìgbì á máa bọ̀ láti iwájú, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Ọkọ̀ tó bá sún mọ́ atẹ́gùn jù, tí ìgbòkun rẹ̀ sì tẹ́ bí pákó, yóò máa kan ìgbì kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí ènìyàn fi orí gbá ògiri, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró.

Ohun tó yẹ ni pé kí wọ́n dẹ okùn ìdarí ní ìwọ̀nba, kí ìgbòkun ní ikùn díẹ̀, kí wọ́n sì yí orí ọkọ̀ kúrò lójú atẹ́gùn ní dígírì mélòó kan. Ọ̀nà á gùn sí i lóòótọ́, àmọ́ eré ọkọ̀ kò ní kú. Kò rọrùn láti gba ẹni tó ti ka ìṣirò dígírì 45 àti 55 nímọ̀ràn yìí, ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn kò sọ nǹkan kan nípa ìgbì.

Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìrìnàjò òde òní, genoa ńlá kan ló wà, tí wọ́n máa ń ká mọ́ wáyà iwájú bí ẹní nígbà tí atẹ́gùn bá le. Ó rọrùn, kò sẹ́ni tó máa lọ dúró níwájú ọkọ̀ lóru. Àmọ́ tí wọ́n bá ti ká a dé ìdajì, etí iwájú rẹ̀ á nípọn bí igi, àárín rẹ̀ á wú, agbára rẹ̀ láti dojú kọ atẹ́gùn á sì lọ sílẹ̀ púpọ̀. Igun rẹ̀ tí wọ́n so okùn mọ́ náà á sún síwájú, nítorí náà púlì gbọ́dọ̀ bá a lọ síwájú. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí.

Fún ẹni tó ń ti Dakar lọ sí àríwá, jib kékeré tí aṣọ rẹ̀ le, tí wọ́n ta sókè tán pátápátá, sàn ju genoa tí wọ́n ká dé ìdajì lọ, bó tiẹ̀ jẹ́ pé owó àti wàhálà wà nínú rẹ̀.

Àwọn Potogí náà bá atẹ́gùn yìí pàdé

Ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn, àwọn atukọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ń bẹ̀rù Cape Bojador, ní etíkun ibi tí wọ́n ń pè ní Western Sahara lónìí. Lára ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni bí wọn yóò ṣe padà, nítorí atẹ́gùn tó gbé wọn lọ náà ló máa dúró dè wọ́n lójú ọ̀nà ilé. Ní ọdún 1434, Gil Eanes, ọmọ Portugal, kọjá ibẹ̀ ó sì padà.

Láàárín ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, caravel ni wọ́n ń lò, ọkọ̀ tó fúyẹ́ tó ní ìgbòkun onígun mẹ́ta. Ìgbòkun náà kì í ṣe jib òde òní, àmọ́ ó lè sún mọ́ atẹ́gùn ju ìgbòkun onígun mẹ́rin tó wọ́pọ̀ nígbà náà lọ. Ní 1444, Dinis Dias dé Cap-Vert, ilẹ̀ tó yọ sínú òkun tí Dakar wà lórí rẹ̀ lónìí.

Lọ́dún kan náà, àwọn caravel kó ènìyàn 235 lẹ́rú láti agbègbè Arguin ní Mauritania lọ sí Lagos, èyí tó wà ní Portugal, wọ́n sì pín wọn bí ẹrù. Ọkọ̀ tí kò bá lè dojú kọ atẹ́gùn kò ní lè kó wọn lọ sí àríwá.

Àmọ́ caravel pàápàá kì í bá atẹ́gùn jà lẹ́bàá etíkun títí dé ilé. Bí àwọn Potogí ṣe ń lọ sí gúúsù sí i, wọ́n kọ́ láti yà sí àríwá-ìwọ̀-oòrùn, kí wọ́n wọ agbami lọ, títí wọn yóò fi bá atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn pàdé lápá erékùṣù Azores. Èyí ló máa gbé wọn délé. Volta do mar ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onígbòkun tó ń kúrò ní Dakar lónìí ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Dípò kí wọ́n máa yí orí ọkọ̀ padà láàárín àwọ̀n àti pirogue apẹja tí kò tan iná lóru, wọ́n á jẹ́ kí atẹ́gùn wà lápá ọ̀tún, wọ́n á to ìgbòkun iwájú dáadáa, wọ́n á sì máa lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, àwọn míì á kọ́kọ́ yà ní Mindelo ní Cape Verde láti bu omi.

Lórí irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni okùn ìdarí yóò máa wà tọ̀sán-tòru, tí yóò máa ha ara rẹ̀ mọ́ púlì tàbí wáyà tó bá kàn. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ máa ń fi ọwọ́ tọ́ ọ wò láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á fà á tàbí kó dẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ó má baà jẹ́ ojú kan náà ló ń gún títí tó fi máa já.